Òjò ló bá mi yan ilé tí mo rà n'Ìbàdàn

Ilé mẹ́jọ ni èmi àti ìyàwó mi wò n'Ìbàdàn kí a tó san kọ́bọ̀ lórí èyíkéyìí. Ó ti sú ajẹ́ǹtì tó ń mú wa kiri, ó ti rẹ àwa náà, ṣùgbọ́n owó tí a fi ọdún mọ́kànlá kó jọ kì í ṣe owó ìkánjú.

Ilé kẹrin ló wù wá jù. Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta lápá Àpẹ̀tẹ̀, táìsì rẹ̀ ń dán gbinrin, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ìyàwó mi ti ń sọ ibi tí àga máa wà. Èmi wá rí i pé ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n tún kùn, kò ga ju orúnkún lọ. Ajẹ́ǹtì ní ẹrẹ̀ tí mọ́tò ń ta sí i ni wọ́n fi ọ̀dà bò. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 mọ omíyalé. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ gan-an wà lára ohun tó bá a lọ. Àwọn bàbá wa ṣì ń sọ ti Ògùnpa ọdún 1980.

A dúró de òjò. Lóṣù Kẹfà, ọ̀kan rọ̀ mọ́jú, mo sì gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́ láìsọ fún ajẹ́ǹtì. Odò tí a rò pé gọ́tà ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti kún dé ẹnu géètì. Màmá kan ń gbá ẹrẹ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo béèrè. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àwọn tó gbébẹ̀ kẹ́yìn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń gbé àpò ìrẹsì sí.”

Láti ọjọ́ yẹn, ará àdúgbò ni mo kọ́kọ́ ń bi, kí n tó bi ẹni tó ń tajà. Fọganáísà ìdí títì ló mọ oṣù tí kànga ń gbẹ.

Ilé kẹfà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kì í ṣe títà; a ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ti keje, ìwé ló bà á jẹ́. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí a bẹ̀ mú nọ́ńbà inú ìwé sọ́fè lọ wò ní Sẹkiteríàtì, wọ́n ní ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Rìsíìtì ẹbí nìkan ni wọ́n fẹ́ fi tà á fún wa! Bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà.

Moníyà la ti rà á nígbẹ̀yìn. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, ilé ìdáná há, ṣùgbọ́n orí òkè ni. Mo lọ síbẹ̀ nínú òjò lẹ́ẹ̀mejì, omi ń ṣàn kọjá lọ ni. Bàbá tó ni ín ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, lórúkọ ara wọn. Lọ́yà wa yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kò sí gbèsè kankan lórí rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Báńkì la ti sanwó, lójú lọ́yà. Ìfọwọ́sí gómìnà la ń lépa báyìí.

Páànù la kọ́kọ́ pààrọ̀. Ìyàwó mi ṣì ń fẹ́ táìsì bíi ti Àpẹ̀tẹ̀. Tówó bá tún jọ, a máa tẹ́ ẹ.