Omi Ṣúgà Èso Kajú fún Ọtí Àpòpọ̀: Bí A Ṣe Ń Sè É àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí àsìkò kajú bá dé, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, kóró ni ọ̀pọ̀ olóko ń ṣà láti Kábbà títí dé Ìsánlú. Èso rẹ̀, níbi tí adùn wà gan-an, abẹ́ igi ló ń jẹrà sí. Ó dùn wá, torí omi ṣúgà tí a bá fi èso yìí sè máa ń fún ọtí àpòpọ̀ ní òórùn tí kò sí nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ọjọ́ tí ẹ bá ṣà á ni kí ẹ fún un, torí kì í pẹ́ kan. Ẹ ṣa kílò 2 tó pọ́n tí kò sì fọ́ lára. Ọwọ́ ni kí ẹ fi lọ́ kóró kúrò. Ẹ má fi ọ̀bẹ kan èèpo rẹ̀, òróró inú rẹ̀ máa ń bó ènìyàn lára. Ẹ fọ èso náà, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi asẹ́ ògì fún un. Ẹ ó rí nǹkan bíi lítà 1.

Ẹ má tíì da ṣúgà sí i. Omi kajú tútù máa ń fún ahọ́n àti ọ̀fun pọ̀, ṣúgà kò sì lè bo ìyẹn. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ló ń mú un kúrò: ẹ po ṣíbí tíì 2 pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ rò ó lórí iná títí yóò fi ki, kí ó tutù pátápátá, kí ẹ wá dà á pọ̀ mọ́ lítà kan náà. Ẹ gbé e sí fíríìjì tàbí kúlà oní-yìnyín di àárọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti wálẹ̀. Ẹ rọra da èyí tó mọ́ lójú rẹ̀.

Fún ìdajì lítà omi kajú tó mọ́ yìí, gíráàmù 850 ṣúgà ni. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kọ́ọ̀pù tó gba gíráàmù 240 omi kì í gbà ju bíi 200 ṣúgà lọ, torí náà ẹni tó ń fi kọ́ọ̀pù wọn ìlọ́po méjì kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ìgò jẹ́ nìyẹn: bí ṣúgà bá tó, òun ló ń di omi mú, tí ohun tó ń mú nǹkan bu kò fi rí mu.

Ìkòkò tánńganran ni kí ẹ lò, nítorí omi kíkan máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ rò ó lórí iná kékeré títí ṣúgà yóò fi yọ́. Bó bá ti hó, ẹ gbé ṣíbí kúrò, kí hóró ṣúgà ẹ̀gbẹ́ ìkòkò má bàa bọ́ sínú rẹ̀ kó sì mú un dì. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 2 sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú 5. Bó bá pẹ́ jù, á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì lọ.

Kí ó tó jinná, ẹ ti se ìgò àti ìdérí nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ gbọn wọ́n gbẹ. Ìgò gbígbóná ni kí ẹ dà á sí ní gbígbóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgò á là. Ẹ dé e pinpin, ẹ dojú rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú 3. Bó bá tutù, ẹ mì ín: ooru tó di omi lábẹ́ ìdérí máa ń la ṣúgà ojú òkè, ibẹ̀ ni bíbu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú fíríìjì, ẹ lò ó láàárín oṣù 2. Níbi tí iná kì í dúró, ìgò kékeré ló dára, kí ẹ lè lo èyí tí ẹ bá ṣí tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ṣúgà bá dì sí ìsàlẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n bó bá ń yọ ìfófòó tàbí tó ní àmì funfun lójú, ẹ dà gbogbo rẹ̀ nù, ẹ má tún un sè.

Fún ife kan: jíìnì mílílítà 50, omi ṣúgà kajú 25, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 20, pẹ̀lú yìnyín púpọ̀. Ẹni tí kì í mutí lè fi omi sódà rọ́pò jíìnì.