Bí mo ṣe ṣètò ìrìnàjò àti fàájì ìpàdé àwọn olùwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí ẹgbẹ́ olùwádìí wa fẹnu kò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ó ti ṣe ìpàdé ọdọọdún wa, èmi ni wọ́n gbé ètò ìrìnàjò àti fàájì lé lọ́wọ́. Eṣinṣin èso tó ń ba mángòrò jẹ́ ni a ń ṣèwádìí lé lórí, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ Áfíríkà ní Kenya lọ́dún 2003 kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, Ìlọrin, Kútọnu àti Nairobi ni àwọn èèyàn wa ti ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá ló ń to ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ nínú gbọ̀ngàn ní LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tó wà níbẹ̀. Tèmi ni bí àlejò ṣe máa dé, ibi tí wọ́n máa sùn sí, ohun tí wọ́n máa jẹ, àti ohun tí wọ́n máa fi ìrọ̀lẹ́ ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni kan nínú wa sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. N kò bá a jiyàn, àmọ́ mo ti jókòó nínú ìpàdé tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé nínú bọ́ọ̀sì àti nídìí àwo àmàlà ni àwọn olùwádìí ti máa ń sọ òótọ́ fún ara wọn. Àyẹ̀wò tó forí ṣánpọ́n, ẹnikẹ́ni kì í gbé e sójú pátákó. Bó bá di alẹ́ tí ikùn ti kún, wàá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ mú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ní ọyẹ́ á jẹ́ kí ara tù wá. Mo ní kí ni àwọn onímọ̀ kòkòrò fẹ́ wá wò lóṣù tí igi mángòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná? Ìparí oṣù kẹrin ni mo ní kí á fi sí. Mángòrò á ti pọ́n lórí igi nígbà yẹn, òjò á sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní í tíì pọ̀ débi tí ọkọ̀ á rì sínú ẹrẹ̀ lóko. Mo wo kàlẹ́ńdà dáadáa: ààwẹ̀ ti parí, ọdún Àjíǹde ti kọjá, Iléyá kò sì tíì dé. Wọ́n gbà.

Lẹ́yìn náà ni mo fi fọ́ọ̀mù Google ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. N kò béèrè oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, torí "ohunkóhun" ni kálukú máa kọ síbẹ̀. Ohun tí wọn kì í jẹ ni mo béèrè. Mo béèrè orúkọ bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù, bóyá wọ́n lè rìn jìnnà lóko, àti ẹni tí a lè pè nílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Kútọnu kò nílò físà torí ọmọ ECOWAS ni wọ́n. Àwọn ará Kenya nílò rẹ̀ ní tiwọn, nítorí náà lẹ́tà ìpè wọn ni mo kọ́kọ́ tì jáde kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Gbogbo wọn ni mo sì rán létí pé kí wọ́n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ìrìnàjò gan-an wá kù. Òfin kan péré ni mo fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ohun tó bá lòdì sí èyí, mo yọ ọ́ kúrò, ì báà jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó pọ́ọ́kú jù. Láti aago márùn-ún ni mo ti ń kà á padà sẹ́yìn títí tí mo fi mọ ìgbà tí kálukú gbọ́dọ̀ kúrò nílé.

Ẹnu ọ̀nà méjì ni Ògbómọ̀ṣọ́ ní fún àlejò. Ìlọrin wà lápá àríwá, Ọ̀yọ́ wà lápá gúúsù, ó sì lé díẹ̀ ní àádọ́ta kìlómítà sí èyíkéyìí nínú wọn. Ìlọrin ni pápákọ̀ òfuurufú tó sún mọ́ wa jù. Àwọn ará Nairobi balẹ̀ sí Èkó, wọ́n sùn ní Ìkẹjà mọ́jú, wọ́n sì wọ bàálù lọ sí Ìlọrin láàárọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin lọ pàdé wọn níbẹ̀, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà béèrè ìdí tí a kò fi gbé wọn tààrà láti Èkó lóru ọjọ́ tí wọ́n dé. Mo sọ fún un pé tó bá ti rí títì yẹn lójú mọmọ, kò ní í bi mí mọ́.

Ti àwọn tó kù ni mo gbádùn jù. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Èkó lọ sí Ìbàdàn láti ọdún 2021, Mọ́níyà ló ń parí sí, Mọ́níyà ọ̀hún sì wà lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bí èèyàn bá sọ̀ níbẹ̀, kò tún sí ìdí láti wọ inú gòsílóò Ìbàdàn rárá. Ọkọ̀ ojú irin yìí kan náà ń dúró ní Láderin, l'Abẹ́òkúta. Àwọn ará Kútọnu gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n sùn l'Ékòó, wọ́n sì bá àwọn ará Èkó wọ ọkọ̀ àárọ̀ ní Alágoméjì. Àwọn ará Abẹ́òkúta bá wọn ní Láderin. Àwọn ará Ìbàdàn ń dúró dè wọ́n ní Mọ́níyà. Bọ́ọ̀sì Coaster kan ló gbé gbogbo wọn níbẹ̀, ó gba Fìdítì, ó gba Ọ̀yọ́, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀, wọ́n ti ń jiyàn lórí oògùn tí wọ́n ń fi sínú pàkúté tó ń fa akọ eṣinṣin. Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a kò tíì ṣí gbọ̀ngàn.

Awakọ̀ ni mo fara balẹ̀ yàn jù lọ, kì í ṣe ọkọ̀. Àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ lórí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin ni mo wá kàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò yìí kò fẹ́ eré àsápajúdé o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fẹ́ fi eré bá ọkọ̀ ajagbé díje láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́?" Mo san owó oúnjẹ àti ibùsùn wọn sọ́tọ̀. Awakọ̀ tí kò sùn dáadáa kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ẹ̀mí Ọ̀jọ̀gbọ́n lé lọ́wọ́. Lórí iye owó ọkọ̀, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí wọ́n bá dá fún ọ lónìí lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì san apá kan lọ́wọ́ kan.

Òtẹ́ẹ̀lì, alẹ́ ni mo lọ wò ó. Lọ́sàn-án gbogbo yàrá ló dára. Alẹ́ ni wàá mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, bóyá omi ń dé òkè, àti bóyá ilé ijó wà lẹ́yìn ògiri. Mo fi fóònù mi dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nínú yàrá gan-an, torí ti ìdí káńtà máa ń lágbára ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ díẹ̀, torí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété la wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Èèyàn kò lè wá síbí kó máa jẹ ìrẹsì àti adìẹ láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tó wà níbi ìgbéyàwó. Mo ní kí wọ́n fún wa ní àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti sọ fún mi pé àwọn méjì kì í jẹ ẹran, ẹnì kan sì wà tí edé máa ń bá ara rẹ̀ jà. Lójú àlejò, ewédú lásán ni, àmọ́ edé wà nínú ẹ̀. Mo lọ bá ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa: "Màmá, ẹ bu tiwọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó da edé àti ẹja sí i." Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Ọmọ mi, ọbẹ̀ wá ni wọ́n fẹ́ jẹ yẹn?" Wọ́n bù ú sọ́tọ̀ náà, wọ́n wá fi wàrà díndín sí i fún àwọn tí kì í jẹ ẹran, èyí tí n kò tilẹ̀ rò. Wàrà yẹn ló fa ọ̀rọ̀. Àwọn ará Kenya fẹ́ mọ ohun tó mú un dì, ni a bá ń ṣàlàyé ewé bomubómu fún wọn tí àmàlà fi tutù.

Fàájì wá kàn. Alága wa fẹ́ kí á kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ sí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èrò náà wuyì lórí ìwé. Olú ilé iṣẹ́ ọgbà náà wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹranko kò sí nínú ọ́fíìsì. Ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sì jìnnà sí wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá gbẹ tí koríko sì lọ sílẹ̀ ni ojú ń tó ẹranko níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ máa rí koríko. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún alága, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ní ó dáa.

Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò náwó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, n kò fi nǹkan kan sí i àfi oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé, kí oòrùn tó mú, a lọ sí oko mángòrò kan lẹ́yìn ìlú. Bàbá olóko ló mú wa yíká, kì í ṣe àwa. Ó ń mú èso tó já bọ́, ó ń là á, ó ń fi ìdin hàn wá, ó sì ń bi àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti rí ṣe sí i. Ará Kútọnu kan rí èèrà pupa tó ń fi ewé hun ilé lórí igi, ó ní kí bàbá má pa wọ́n, pé níbi tí wọ́n bá wà eṣinṣin kì í fẹ́ yé ẹyin. Bàbá ní ṣé ará Kútọnu yìí ló máa wá gun igi tí èèrà kún yẹn nígbà tí mángòrò bá pọ́n? Ọmọ Kétu, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ará Kútọnu ọ̀hún, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ara wọn fà á, a sì ní láti máa túmọ̀ ẹ̀rín fún àwọn tó kù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé ọpọ́n ayò méjì sí ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì. Ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sí ohun mìíràn. Àwọn ará Kenya ní ìyẹn kéré, pé bao tiwọn ní ihò 32 àti ọmọ 64. Òpè ni gbogbo wọn jẹ́ nídìí tiwa ṣáá, bí wọ́n ṣe lérí tó. Ọmọ ilé ìwé gíga kan tí kò lanu láàárín ìpàdé látàárọ̀ ló wá jẹ́ ọ̀ta, ìyẹn ọ̀gá nídìí ayò, ó pa ọ̀gá tirẹ̀ láyò lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó na ọwọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìpadàbọ̀, ibẹ̀ ni mo fi Ọ̀yọ́ sí. Ọ̀nà wa ló kúkú gba ibẹ̀, kí ló dé tí a ó fi lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀? Gbogbo wa kúrò láàárọ̀, tàwọn ará Nairobi, torí Èkó ni bàálù wọn ti máa gbéra. Àwọn ará Ìlọrin nìkan ló gba apá àríwá padà sílé. Mo ti kọ lẹ́tà sí ààfin Aláàfin tipẹ́, mo sì gba ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ilé. Mo ti sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n mú aṣọ tó bo ara dání, kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí wọ́n sì dúró títí a ó fi sọ fún wọn pé ibi báyìí ni kí wọ́n gbà. Wọ́n rí àwọn kọ̀bì ààfin. Lẹ́yìn náà, a lọ bá àwọn afíngbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ, a yà ní ọjà Akẹ̀sán, àwọn Mùsùlùmí sì kí Jímọ̀ nínú ìlú nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun. Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Mọ́níyà.

Ẹ̀bùn nìkan ló fa àríyànjiyàn. Olóko ti fún wa ní àpò mángòrò, ọ̀kan nínú àwọn ará Nairobi sì ń gbèrò láti gbé díẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀sì pariwo lé e lórí, torí bí eṣinṣin yẹn ṣe ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn gan-an nìyẹn. Tìmùtìmù awọ ni mo fún wọn. Mángòrò, a jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Fìdítì.

Mo kó ìwé rìsíìtì jọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ìyá olóúnjẹ àti bàbá awakọ̀ kì í tẹ rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ni akápò kò gba ẹ̀rí ẹnu. Nítorí náà mo ti ra ìwé rìsíìtì òfìfo lọ́jà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kálukú ń buwọ́ lù ú bí owó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Akápò yẹ̀ ẹ́ wò, ó béèrè ohun tí "ọpọ́n ayò méjì" ń ṣe nínú ìnáwó ìwádìí, mo ṣàlàyé, ó sì buwọ́ lù ú.