Ẹ Jẹ́ Kí Yìnyín Yọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Apẹja, Ẹlẹ́ja àti Onílé ní Ẹ̀pẹ́

Ẹja tí à ń kó dànù láàárọ̀ ọjà ló fa ìwé yìí, ẹja tó jẹ́ pé yìnyín wà nínú kúlà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìdájí. A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń da àwọ̀n tàbí bí wọ́n ṣe ń fọ kúlà. Ẹ mọ ìyẹn. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ bá yín sọ: ẹ ń ṣún yìnyín lò jù.

Apẹja láti Èjìrín tàbí Àgbòwà á ra bùlọ́ọ̀kù yìnyín kan, á fi àpò wé e, á gbé e sí ìsàlẹ̀ kúlà, á wá kó ẹja lé e lórí. Bó bá gúnlẹ̀, tó gbé ẹja rẹ̀ dé ọjà Olúwo, tó tú àpò náà, tí bùlọ́ọ̀kù ṣì tó bó ṣe tó, inú rẹ̀ á dùn pé yìnyín òun kò tán. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ẹja tó wà lókè pátápátá: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wo ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí: pupa ibẹ̀ ti ṣá. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀: ojú ibẹ̀ jin, kò sì padà.

Yìnyín tí kò yọ́ kò tíì ṣiṣẹ́. Ooru ara ẹja ni yìnyín ń fà, ooru yẹn náà ló sì fi ń yọ́. Kílò yìnyín 1 tó wà ní dígírì 0 á gba ooru tó tó kílòjúùlù 334 kó tó di omi tán, omi náà á sì ṣì wà ní dígírì 0. Ooru yẹn tó láti gbé kílò omi 1 láti dígírì 0 dé nǹkan bíi 80. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Joseph Black, ló wádìí èyí ní Glasgow láyé àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 1761, kò sì tíì yí padà. Kódà, yìnyín tó jáde nínú fírísà ní dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo kò gbà ju kílòjúùlù 38 lọ kó tó gòkè dé 0. Inú yíyọ́ ni iṣẹ́ wà.

Kílò ẹja 1, kílò yìnyín 1. Kì í ṣe ìdajì, kì í ṣe “èyí tówó mi ká”. A mọ̀ pé yìnyín wọ́n, àmọ́ ẹja wọ́n jù ú lọ. Kílò ẹja 20 tó wà ní dígírì 30 á jẹ tó kílò yìnyín 6 sí 7 kí òun fúnra rẹ̀ tó dé 0. Èyí tó kù, oòrùn, ara kúlà àti ìdérí tí ẹ ń ṣí nígbà gbogbo ló ń jẹ ẹ́. Bí kúlà yín bá nípọn dáadáa, tí ìrìn kò sì ju wákàtí 2 lọ, ẹ lè fi kílò yìnyín 1 bá kílò ẹja 2. Ẹni tó ń fi bàsíà lásán kó ẹja kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ fọ́ yìnyín náà! Ẹ fọ́ ọ títí ègé kọ̀ọ̀kan ò fi ní ju ẹyin adìẹ lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ kúlà kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ to ẹja lé e ní ìpele kan, ẹ da yìnyín bò ó títí ẹ kò fi ní rí ara ẹja mọ́, kí ẹ tó to ìpele kejì. Sẹ̀ǹtímítà 5 mìíràn ló máa wà lókè pátápátá, ó kéré tán. Omi tó bá yọ́ lókè á máa ṣàn gba ara ẹja wálẹ̀, á máa gbé ooru lọ. Yìnyín tó wà lábẹ́ nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja tẹ́ ẹ bá ti yọ ìfun rẹ̀, ẹ ki yìnyín bọ ikùn rẹ̀, pàápàá ọ̀bọ̀kún ńlá, nítorí àárín ara ẹja ló ń pẹ́ tutù jù. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ kúlà kí omi ẹlẹ́jẹ̀ máa jáde. Bí yìnyín bá ti fà kúrò lára ẹja, ẹ bù sí i, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dọ́jà.

Àwọn kan ní bí ẹja bá rà, àwọn á yan án. Ẹ jáwọ́. Májèlé kan wà tó máa ń yọ nínú ẹja bíi títù tó ti bàjẹ́, iná kì í pa á. Ọmọ oníbàárà yín ló máa jẹ ẹ́.

Níbi tí kò sí yìnyín rárá, ẹ rẹ àpò sómi, ẹ fi bo agbọ̀n ẹja lábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kílò omi 1 tó bá gbẹ kúrò lára àpò ń kó ooru tó tó ìlọ́po 7 èyí tí kílò yìnyín 1 ń kó bó bá yọ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọ̀sà wa ní ọ̀rinrin púpọ̀, omi kì í tètè gbẹ, nítorí náà kò lè ṣe ju kẹ́ ẹ fi dé ibi tí yìnyín wà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, píọ̀ wọ́tà tó dì dáa. Àpò kan tó ní ọ̀rá 20 jẹ́ nǹkan bíi kílò 10. Ẹ to ó sáàárín ẹja, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ ìgò lẹ fẹ́ fi di omi, ẹ má rọ ọ́ kún dẹ́nu, torí omi ń fẹ̀ bí ìdá 9 nínú 100 bó bá ń dì, ìgò á fọ́. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fírísà wò: èyí tó kún lè wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Bí iná bá dé, tí yìnyín ṣì wà lára ẹja, ẹ lè jẹ́ kó padà dì. Èyí tó ti yọ́ tán àmọ́ tó ṣì tutù nini, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù.