Bí OT tó ń tọ́jú ìrora ṣe lè máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ láti Kàbà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ jẹ́ occupational therapist (OT) nílẹ̀ wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kó lè padà máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀, okun o. Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kọ́ọ̀sì wo ni kí n lọ lórí ìrora?" Ẹ má tíì wá kọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì àwọn tí ìrora wọn ti lé ní oṣù 3 sílẹ̀, kí ẹ wo iṣẹ́ tí oníkálukú ò lè ṣe mọ́. Lọ́dọ̀ tèmi ní Kàbà, gaàrí yíyan, ebè kíkọ, kajú ṣíṣà àti aṣọ híhun ló pọ̀ jù. Kọ́ọ̀sì tí ò bá kan ọ̀kankan nínú wọn, pọ́ìntì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá lọ kọ́ọ̀sì nìkan lẹ ó bá bọ̀.

Pọ́ìntì náà ò ṣeé fojú di o, torí MRTB, ìgbìmọ̀ tó ń fún wa níwèé àṣẹ iṣẹ́, á béèrè rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ ọdọọdún ṣe. Ẹ kó o jọ, àmọ́ ẹ má fi ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ yín.

Fún ìpìlẹ̀, IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀ràn ìrora, ní ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún OT gan-an, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka àlàyé tí wọ́n tún ṣe lórí ìrora ní 2020 pẹ̀lú. Tí nóòtì iléèwé yín bá ti ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ fi wéra. Essential Pain Management náà dára, kọ́ọ̀sì ọjọ́ kan ni, ẹ sì lè jọ ṣe é pẹ̀lú dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn ò ṣeé wò lórí fídíò kó tán síbẹ̀. Ìyá kan wà ní Ògìdì tí ẹ̀yìn ń dùn. Tí ara bá yá a lónìí, á hun aṣọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tó bá di ọ̀la, kò ní lè dìde. Mo lọ bá a nídìí òfì, mo ń wo aago. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 25 kí ìrora tó gbóná, la bá fi sí 20. Tí aago fóònù bá ti dún, kó dìde, ì báà má tíì dùn ún. Ó ní, "Ṣé kí n fi òwú sílẹ̀ láàárín ìlà ni?" Òótọ́ ló sọ. A fẹnu kò pé kó parí ìlà kó tó dìde. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé àpótí tó ń jókòó lé kéré jù, tó fi ń na apá sókè ṣáá. Kò sí kọ́ọ̀sì tó sọ ìyẹn fún mi, ni mo bá kọ ìjókòó sílẹ̀ pé òun ló kàn tí n ó kọ́.

Ẹ kọ́ COPM (Canadian Occupational Performance Measure) náà, ìyẹn ohun tá a fi ń díwọ̀n bí aláìsàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sí. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò máa fún iṣẹ́ rẹ̀ ní máàkì láti 1 dé 10: bó ṣe ń ṣe é sí, àti bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí. Tó bá fi 2 gòkè, àyípadà gidi ni wọ́n ń kà á sí.

Ẹ máa wa fídíò ẹ̀kọ́ sórí fóònù lóru nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá fúyẹ́. Ẹni tó bá sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, kó wá fi ìṣẹ́jú 15 kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀, láìgbé projector kankan. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ ìdí tí mo fi ní kí ìyá yẹn máa dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 ò ní sọ fún un pé kó lọ dùbúlẹ̀ títí ìrora á fi lọ.