Bí Mo Ṣe Tún Òfin Orúkọ Pípè Mi Kọ Lọ́dún Fúlúù Ẹlẹ́dẹ̀

Lọ́dún 2009, Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn 18 ni wọ́n, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú sílábọ́ọ̀sì pé ẹni tó bá pa kíláàsì jẹ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, máàkì rẹ̀ á já wálẹ̀, àfi tó bá mú ìwé dókítà wá. Òfin náà tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ta ló fẹ́ kọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì?

Oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n ti rí fúlúù ẹlẹ́dẹ̀ lára àwọn ọmọdé méjì ní California. Nígbà tó di ọjọ́ 11 Oṣù Kẹfà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde rẹ̀ ní àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ti lé ní ọdún 65. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbé ṣánlẹ̀, ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ sì kún fún ọ̀dọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú Oṣù Kẹwàá, fáwẹ́lì àránmúpè la fẹ́ kọ́. Ọmọbìnrin kan fi fìlà ẹ̀wù òtútù bo orí dé ojú. Mo ní kó pe "imú." Ó pe "ibú." Mo ní kó tún un pè, "ibú" náà ló tún jáde. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi pàápàá. Àfi bó ṣe gbé orí lé tábìlì. Nílé ni, ǹ bá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹ kì í fọwọ́ kan ọmọ olọ́mọ. Mo bi í pé kí ló gbé e wá pẹ̀lú ibà lára. Kò dáhùn. Ó ṣí sílábọ́ọ̀sì, ó fi ìka lé orí òfin mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rẹ̀ ti pé, ilé ìwòsàn sì ti ní kó dúró di ọjọ́ Ẹtì kó tó rí dókítà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó ṣí ìmọ̀ràn tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti gbé jáde fún àwọn yunifásítì láti Oṣù Kẹjọ. Ó ti wà nínú ìmélì mi tipẹ́.

Ìwé dókítà ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí fúlúù mú kò nílò ju ìsinmi àti omi lọ, ẹ wá lé e jáde kó lọ fi ikọ́ to orí ìlà nítorí bébà. Ẹ lè ní wọ́n á purọ́. Àwọn méjì purọ́, mo mọ̀ wọ́n, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Ìmélì ìlà kan kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ti tó. Kí ẹni náà má sì padà wá títí wákàtí 24 á fi kọjá lẹ́yìn tí ibà bá lọ, láìlo oògùn ibà. "Láìlo oògùn" yẹn ni mo fa ìlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gbé Tylenol mì ní aago mẹ́jọ, ara rẹ̀ á ti fúyẹ́ ní mẹ́sàn-án, á jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀. Tó bá fi di ọ̀sán, ibà á ti padà dé.

Ìdánwò kéékèèké mẹ́wàá la ní; mo ní mẹ́jọ tó bá dára jù ni màá kà. Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ àtúnṣe ìdánwò nìyẹn, mi ò sì tíì padà sí ti àtijọ́.

Lẹ́yìn náà mo so wọ́n ní méjì-méjì kí wọ́n lè máa gba nóòtì fún ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe: mo so àwọn tó ń gbé yàrá kan náà pọ̀. Fúlúù lè ràn láti ọjọ́ kan kó tó hàn lára ẹni, nítorí náà méjèèjì dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, nóòtì ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tú wọn ká, mo sọ wọ́n di mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló le jù. Mo ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, wọ́n ń gba tiwọn ránṣẹ́ padà, a sì fi Skype ṣe ìdánwò ẹnu fún àwọn márùn-ún.

Kò sí ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n múra fún àìsàn tèmi. Mo ṣáà ti bá olùkọ́ Swahili tó wà ní ọ́fíìsì kejì sọ ọ́, mo kọ ètò ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, mo sì fi téèpù ohùn mi tì í. Nínú Oṣù Kọkànlá, ó kàn mí. Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá. Ó ń tẹ téèpù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ òun náà. Ní àárọ̀ tí mo padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Ẹ kú ewú!"

Mo fọwọ́ pa orí mi, mo dúpẹ́. Ewú ọ̀hún kúkú ti wà níbẹ̀.