Ọwọ́ Télọ̀ Ló Ń Ba Onígun Mẹ́ta Jẹ́

Kò sí télọ̀ tí kò ní àpò ègé ankárá lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pinnu pé ẹ fẹ́ fi ègé yẹn rán ìbora ọmọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ wù yín ni onígun mẹ́ta méjì tí a rán pọ̀ di onígun mẹ́rin kan, ọ̀kan dúdú, èkejì funfun tàbí yẹ́lò. Kò ṣàjèjì sí wa. Onígun mẹ́ta pupa wẹ́wẹ́, bí eyín ayùn, ni wọ́n fi ń yí etí aṣọ ká lára ẹ̀kú egúngún. Ṣùgbọ́n mo ti rí i níbí ní Kábà pé àwa gan-an tí a mọ búbá àti ìró rán dáadáa la máa ń bà á jẹ́ jù. Ohun tí ọwọ́ wa ti mọ́ lára ẹ̀wù kò bá onígun mẹ́ta lò rárá.

Èyí tó burú jù nínú àṣìṣe wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ gé aṣọ sí onígun mẹ́ta, kí a tó wá máa rán an. Ìbora àkọ́kọ́ tí mo rán, ti ọmọ àbúrò mi ni. Onígun mẹ́ta mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo gé sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìyàrà. Mo kó wọn sínú ọ̀rá, mo gbé ọ̀rá náà lé itan lórí ọ̀kadà títí dé ìsọ̀. Nígbà tí mo fi tú u, gbogbo etí tó dagẹ̀rẹ̀ ti nà, ó gùn ju bí mo ṣe gé e lọ. Mo rán an bẹ́ẹ̀. Àárín ìbora wú sókè bí àkàrà inú epo, igun kò sì bá igun mu. Àbúrò mi gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mo lọ gbà á padà lọ́sẹ̀ kejì, mo sì tú u látòkè délẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó rí nídìí òfì ìdúró ti àwọn ìyá wa ní Bùnú, irú òfì tí wọ́n fi hun aṣọ ipò pupa tí wọ́n fi ń sìnkú àgbà, á ti mọ ìdí rẹ̀. Òwú kan na gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òwú kejì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá fa aṣọ bí òwú ṣe lọ, kò ní mì. Tí ẹ bá fà á láti igun dé igun, òwú méjèèjì á yẹ̀ fún ara wọn, aṣọ á sì nà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára ankárá. Etí gígùn onígun mẹ́ta sì rèé, ibi tí aṣọ ti ń nà yẹn gan-an ló bọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ rán kí ẹ tó gé. Ẹ mú onígun mẹ́rin méjì, kí ojú aṣọ kọ ojú aṣọ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà láti igun dé igun (ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ti sanra jù fún iṣẹ́ yìí). Ẹ rán ìlà kan lápá ọ̀tún rẹ̀, ìkan lápá òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 1/4 ínǹṣì jìnnà sí ìlà pẹ́ńsùlù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá gé e lórí ìlà. Onígun mẹ́rin aláwọ̀ méjì yóò jáde lẹ́ẹ̀méjì, òwú sì ti di etí yẹn mú kí ọwọ́ yín tó kàn án.

Tí ẹ bá fẹ́ kí onígun mẹ́rin náà jẹ́ 3 ínǹṣì nígbà tí ìbora bá parí, ìṣirò ní kí ẹ gé aṣọ ní 3 7/8. Èmi kì í gé e bẹ́ẹ̀. 4 ínǹṣì ni mo ń gé. Lẹ́yìn tí mo bá rán an, tí mo sì lọ̀ ọ́, màá wá gé e wálẹ̀ sí 3 1/2 géérégé. Páálí ni mo fi ń ṣe é: mo gé páálí 3 1/2 sí 3 1/2, mo sì ń rí i pé igun rẹ̀ méjèèjì tó kọjú síra jókòó sórí ojú rírán. Aṣọ tó ń ṣòfò kò tó nǹkan, inú mi dùn sí i kó ṣòfò.

Èkejì ni ààyè tí à ń fi sílẹ̀ létí. Nínú ẹ̀wù, à ń fi ínǹṣì kan sílẹ̀ kí a lè tú u tí oníbàárà bá sanra. Nínú iṣẹ́ yìí, 1/4 ínǹṣì ni, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ọmọ iṣẹ́ mi kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, ó kàn fi díẹ̀ lé ni." Mo ní kó mú tépù wá. Díẹ̀ yẹn jẹ́ 1/16 ínǹṣì. Ó ń jẹ aṣọ méjèèjì tó pàdé, torí náà ojú rírán kan ń jẹ 1/8. Tí onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án bá wà lórí ìlà kan, ojú rírán mẹ́jọ ló wà láàárín wọn, ìlà náà á sì fi odindi ínǹṣì kan kúrú. Ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ẹ má fọkàn tán ẹsẹ̀ ẹ̀rọ pé etí rẹ̀ ni 1/4. Ẹ dán an wò: ẹ gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó fẹ̀ ní 1 1/2 ínǹṣì, ẹ rán wọn pọ̀, ẹ lọ̀ wọ́n. Ti àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 ínǹṣì gẹ́lẹ́. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sún ibi tí aṣọ ń gbà, ẹ tún un dán wò, kí ẹ wá lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ara ẹ̀rọ níbẹ̀ kí etí aṣọ máa tọ̀ ọ́.

Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Bí a ṣe ń fà á lọ fà á bọ̀ lórí ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń fa onígun mẹ́ta kúrò ní ìrísí rẹ̀, pàápàá áyọ́ọ̀nù eléèédú tó wúwo, tí a ń lò nígbà tí iná kò bá sí. Ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò. Ẹ kọ́kọ́ lọ ojú rírán náà bó ṣe wà ní pípadé, kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì da etí rẹ̀ sí apá aṣọ dúdú. Ẹ má bu omi sí i. Tí aṣọ bá rọ̀ jù, inú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni kó ti wọlé kí ẹ tó gé e rárá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́. Ankárá pupa tí a kò fọ̀ máa ń ṣí sára funfun.

Tí ẹ̀rọ bá ń jẹ ṣóńṣó aṣọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ègé kékeré kan, kí ẹ ti ibẹ̀ rán bọ́ sórí iṣẹ́ gan-an láìgé òwú.

Ṣóńṣó onígun mẹ́ta tó ti gé sọnù, èyí tí kò mú mọ́ nínú ìbora, ibi tí ìlà méjì ti pàdé ló ti ń bàjẹ́. Ẹ yí aṣọ padà sí ẹ̀yìn: níbi tí ojú rírán ti kọjá lórí ara wọn, ẹ óò rí àgbélébùú kékeré. Ẹ fi pínnì gún àárín rẹ̀ kí ẹ tó rán an. Ìlà rírán yín gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀, kó tilẹ̀ sún sí apá etí aṣọ bí ìwọ̀n fọ́nrán òwú kan, kó má sún wọnú onígun mẹ́ta. Ẹ yọ pínnì nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ fún ìgúnlẹ̀ méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.