Ẹ má tíì sanwó òtẹ́ẹ̀lì o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ wo bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn, ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kéde lè yẹ̀. Nítorí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lè sún eré Sátidé sí Sọ́ńdè, tàbí kí wọ́n yí aago rẹ̀ padà. Ọkọ̀ àti yàrá tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà ni kẹ́ ẹ mú, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ẹ ṣírò ìpadàbọ̀ dáadáa. Eré ìṣẹ́jú 90 pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 15 ń lọ sí wákàtí méjì kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ ìdíje kọ́ọ̀pù tí kò gbọdọ̀ parí sí ọ̀mì, ìṣẹ́jú 30 míì lè wọ̀ ọ́, kó tún kan pẹnáritì. Ta ló fẹ́ sáré lọ bá ọkọ̀ ìkẹyìn nígbà tí wọ́n ń gbá pẹnáritì?

Ní ti ìjókòó, apá àwọn àlejò ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má wọ jẹ́sì yín sáàárín àwọn onílé. Báàgì ńlá, ẹ fi í sílẹ̀; ọ̀pọ̀ pápá kì í gbà á wọlé. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, kí bátìrì kún o.